Kí ilé iṣẹ́ tó gbà yín: ìwé tó yẹ kí ẹ fún wọn, ìgbà tó yẹ, àti èyí tí ẹ lè kọ̀

Ọdún méjì ni mo fi ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ adírẹ́sì wò. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ gba ènìyàn, wọ́n á fi orúkọ onítọ̀hún ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa, ọ̀gá á pín in fún wa, àwa la máa gun ọ̀kadà dé ẹnu géètì láti wò ó bóyá lóòótọ́ ló ń gbé níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àpò Ghana-must-go kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tó kún fún ẹ̀dà sátífíkéètì, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ àti fọ́ọ̀mù onídùúró. Ìwé àwọn tí mi ò rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé mi ni. Kò sẹ́ni tó ní kí n kó wọn padà wá. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ rí iṣẹ́ ọ̀hún gbà.

Mi ò ní kí ẹ máa sá fún ìwádìí o. Ẹni tó fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ènìyàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí í ṣe, ayédèrú sátífíkéètì sì pọ̀ nígboro. Ohun tí mò ń wí ni pé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀. Èyí tó yẹ kí wọ́n rí lẹ́yìn tí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ bá ti jáde, ẹ má kó o fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi CV ránṣẹ́. Ẹ̀yin tó ń wáṣẹ́ ní Nàìjíríà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù, àmọ́ màá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń múra àtilọ sókè òkun kí n tó parí.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ẹni, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Ní oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ẹni, òfin yẹn ló sì gbé àjọ NDPC tó ń bójú tó o kalẹ̀. Bí a bá yọ èdè lọ́yà kúrò nínú rẹ̀, nǹkan mẹ́ta ló ń sọ fún agbanisíṣẹ́: sọ ìdí tí o fi ń gba ọ̀rọ̀ ẹni náà fún un, má gbà ju ohun tí o nílò lọ, má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tí o nílò rẹ̀. Mẹ́ta yìí la ó máa fi wọn gbogbo ohun tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dín ọ̀rọ̀ inú CV yín kù

CV wa nílẹ̀ yìí máa ń rojọ́ jù. Ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, bóyá ènìyàn ti ṣègbéyàwó, iye ọmọ, nọ́ńbà ojúlé. Mo ti rí èyí tó kọ NIN rẹ̀ sábẹ́ orúkọ bí ẹni kọ nọ́ńbà fóònù. Ẹ sì rántí pé CV kan náà yìí lẹ máa fi ránṣẹ́ síbi ogójì, tí ẹ ò ní mọ ẹni tó ń kà á níbi márùndínlógójì nínú rẹ̀.

Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, í-meèlì, àti àdúgbò pẹ̀lú ìlú ti tó: "Bódìjà, Ìbàdàn." Ẹ ṣí í-meèlì kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ wíwá, bí ẹ bá lágbára SIM kejì, ẹ yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ní ti àwọn tó máa jẹ́rìí yín, ẹ má to nọ́ńbà wọn síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ máa mú orúkọ wọn wá bí wọ́n bá béèrè, kí ẹ sì ti sọ fún wọn ṣáájú. Kò dáa kí ẹni ẹlẹ́ni ṣàdédé gbọ́ ìpè ní ọ́fíìsì pé "Ẹ jọ̀wọ́, irú ènìyàn wo ni lágbájá?"

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wádìí àwọn náà

Kí ẹ tó fi ìwé kankan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ lọ sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì àjọ CAC, ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ẹ wo í-meèlì tí wọ́n fi kàn sí yín. Ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín rí, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó "bákígíráǹdì ṣẹ́ẹ̀kì", ẹ yáa yẹra. Agbanisíṣẹ́ ló ni ìwádìí, òun ló ni ìnáwó rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, owó inú báǹkì yín ló ń wá, kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ojú àjèjì wo ìwé ara yín

Ohun tó ń da ìwádìí rú jù lójú tèmi kì í ṣe irọ́. Orúkọ ni. WAEC kọ Fatimah, NIN kọ Fatima, yunifásítì kọ orúkọ ọkọ. Tàbí kí ọjọ́ ìbí yàtọ̀ nítorí pé ẹni tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ níléèwé fi ọdún kan kún un. Ẹni tó ń wádìí kò mọ ìtàn ilé yín. Ó kàn máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé "kò bára mu" ni, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sórí tábìlì kan náà, ẹ fi ìka tọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí láti orí èkíní dé èkejì. Ibi tí kò bá ti bára mu, ẹ lọ sí kóòtù lọ búra kí wọ́n fún yín ní ìwé ìbúra, ẹ lọ tún ti NIN ṣe lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fún ni ní NIN, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó rí i fúnra wọn. Ẹ tún lo káàdì àyẹ̀wò WAEC láti wò ó pé èsì yín ṣì ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà nínú ìwé.

Ìwé ẹ̀rí NYSC kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: òfin NYSC fúnra rẹ̀ ló ní kí agbanisíṣẹ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti gboyè jáde, tàbí kó béèrè ìwé tó yọ̀ǹda ẹni náà. Ẹ fúnra yín gbà á níbi tí wọ́n ti ń fún ni. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Kẹ́mi Adéòṣun, mínísítà ètò ìṣúná tó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2018 nítorí ìwé ìyọ̀ǹda NYSC tí wọ́n ní ayédèrú ni. Ó ní àwọn tí òun fọkàn tán ló bá òun gbà á. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé kò tilẹ̀ pọn dandan kó ní ìwé náà kó tó lè ṣe mínísítà. Ipò ti lọ ní tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda dé ìsàlẹ̀

Ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe máa fún yín ní fọ́ọ̀mù kan kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí nínú rẹ̀: kí ni wọ́n fẹ́ wádìí, ta ló máa lọ wádìí rẹ̀, ta ni wọ́n máa fi èsì hàn, ìgbà wo ni wọ́n sì máa pa á rẹ́ bí wọn ò bá gbà yín? Bí fọ́ọ̀mù náà bá kàn ní kí ẹ gbà kí wọ́n wádìí "ohunkóhun" lọ́wọ́ "ẹnikẹ́ni" "nígbàkigbà", ẹ béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Mo ti rí obìnrin kan tó fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù rẹ̀ pé: "Mo gbà kí ẹ wádìí ìwé ẹ̀rí mi àti ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, fún iṣẹ́ yìí nìkan." Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba òun náà síṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló nílò kí ẹ buwọ́ lu nǹkan. Òfin fàyè gba èyí tó jẹ mọ́ àdéhùn iṣẹ́ tàbí èyí tí òfin mìíràn pa láṣẹ, bíi ti NYSC yẹn. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti gbára lé ìyọ̀ǹda yín, òfin 2023 sọ ọ́ kedere pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ẹ sì lè yí i padà nígbàkigbà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tí ẹ bá buwọ́ lù kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí a ṣe ń fi ẹ̀dà ìwé sílẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ wá, ẹ má fi í sílẹ̀ lásán. Ẹ fa ìlà méjì sórí ẹ̀dà náà láti igun kan sí igun kejì, kí ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ọjọ́, àti "fún ìwádìí iṣẹ́ nìkan" sáàárín ìlà méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ gba orí àwòrán kọjá díẹ̀, kó má ṣe bo ojú tàbí nọ́ńbà. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ ṣí fọ́tò náà níbi tí a ti ń kọ nǹkan sórí fọ́tò, ẹ ṣe bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀dà yẹn yá owó lórí áàpù lọ́la, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ti jáde á wà níbẹ̀ gàdàgbà.

Ní ti NIN, ẹ béèrè bóyá wọ́n á gba vNIN. NIMC ló ṣe é: dípò nọ́ńbà 11 tó jẹ́ tiyín títí ayé, ẹ máa fún wọn ní àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 tí kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn wákàtí 72. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ní ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í pa ni. BVN ńkọ́? Mi ò rí ohun tí ilé iṣẹ́ lásán fẹ́ fi ṣe kó tó gba ènìyàn. Nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n fi ń sanwó oṣù, ìyẹn náà sì di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Sátífíkéètì gidi, ẹ fi hàn wọ́n, kí wọ́n fi wé ẹ̀dà, kí ẹ gbé e padà sílé. Àwọn iléèwé aládàáni kan àtàwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké máa ń ní kí òṣìṣẹ́ fi gidi sílẹ̀ kó má baà sá lọ. Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí mọ́, ìdógò ni. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀ tán tí ẹ ò rí ọ̀nà mìíràn, ẹ gba ìwé tó ní ọjọ́ àti ìbuwọ́lù pé ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: onídùúró

Ibí yìí ni màá pẹ́ sí, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìjàǹbá jù. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ẹlẹ́rìí ni onídùúró. Rárá o. Ẹlẹ́rìí ń sọ pé òun mọ ènìyàn. Onídùúró ń sọ pé bí ẹni náà bá gbówó sá lọ, ẹ wá bá òun.

Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, lápá Ìyànà Ìpájà, pé kí n wò ó bóyá òun gan-an ló buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ọmọkùnrin kan tó fẹ́ ṣiṣẹ́ gbowógbowó. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ìjọ àwọn ni, ọmọ dáadáa ni. Mo ní, "Bàbá, ẹ ka ìlà kẹta yìí fún mi." Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á. Ó ní ẹni tó buwọ́ lù ú gbà láti san gbogbo àdánù tí òṣìṣẹ́ náà bá fà. Bàbá yọ awò. "Ìyẹn ni pé èmi ni n ó san án?" Mo ní ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, sà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n yá àwọn ní bírò, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé kò gbọdọ̀ ju 100,000 náírà lọ, wọ́n buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé e padà bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kò yarí.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé fọ́ọ̀mù lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ kà á fún un, ìlà dé ìlà. Ẹ jọ wá iye owó tó jẹ́ òpin. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n fi sí i. Ẹ wo bóyá àkókò kan wà tí ìdúró náà máa parí, torí mo mọ àwọn tó ti kúrò níbi iṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tí fọ́ọ̀mù onídùúró wọn ṣì wà nínú fáìlì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù yẹn padà fún ẹni tó dúró fún yín.

Ẹ má sì gbàgbé pé onídùúró náà ní àṣírí. Fọ́tò rẹ̀, káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀, bíìlì iná ilé rẹ̀, nígbà mìíràn ìwé owó oṣù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ yín kọjá. Ẹ jẹ́ kó fi í sínú àpòòwé kó lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí kó fi ránṣẹ́ tààrà sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Ìwé owó oṣù ni èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fún wọn. Káàdì ibi iṣẹ́ ti fi hàn pé ó níṣẹ́; iye tó ń gbà kò kan ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ tí wọ́n bá wá wo ilé

Mo dé ilé kan ní Ìdímù ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Ìyá kan ń ta ata lẹ́nu géètì. Mo ní, "Ẹ kú ọjà mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ọ̀gbẹ́ni kan báyìí tó ń gbé inú ilé yìí?" Ìyá gbé orí sókè. "Kí ló ṣe?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan mà. "Bí kò bá ṣe nǹkan kan, kí lẹ fi ń ya fọ́tò géètì wa?" Kí n tó kọ àwọ̀ ọ̀dà ilé àti orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù tán, èrò mẹ́ta ti dúró tì mí. Nígbà tí mo dé ìdí ọ̀kadà, ọmọ kan ti ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé EFCC ló wá. Ọ̀gbẹ́ni náà pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lándíọ́ọ̀dù ti ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kí n ṣe é nìyí, òun sì ni kí ẹ béèrè: kí wọ́n sọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń bọ̀ àti ọjọ́ tó ń bọ̀ fún yín. Ẹ̀yin náà, ẹ ti sọ fún lándíọ́ọ̀dù àti aládùúgbò kan tàbí méjì ṣáájú pé ẹnìkan máa wá béèrè yín nítorí iṣẹ́. Bí ẹni náà bá dé, kó fi káàdì rẹ̀ hàn, kí ẹ pe ilé iṣẹ́ kí ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló rán an. Ohun tó lè béèrè kò pọ̀: ṣé ẹni yìí ń gbé níbí, láti ìgbà wo, ṣé ilé tirẹ̀ ni àbí ó háyà rẹ̀. Irú ẹni tó ń wá kí yín lálẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí ẹ ń lọ, bóyá ẹ̀yin àti ìyàwó ń jà, kò sí nínú rẹ̀. Kò ní ohun tó ń wá nínú yàrá. Fọ́tò géètì àti nọ́ńbà ilé ti tó. Kó má ya ọmọ yín mọ́ ọn.

Ẹ má fún un lówó ọkọ̀. Àwa náà máa ń gbà á, mi ò ní purọ́, àmọ́ wọ́n ti san án fún wa.

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ lẹ ń gbé, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ adírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lẹ́kkí nígbà tó ń sùn ní Ìkòròdú ni a máa ń kọ "a kò rí i" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìdí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ibi iṣẹ́ àtijọ́ àti orí íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá ṣì wà níbi iṣẹ́ kan, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n má kàn sí ọ̀gá yín títí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ á fi jáde. Ẹ kọ ọ́. Ẹ má fẹnu sọ ọ́ nìkan. Ìpè kan ṣoṣo lè gba iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín kí èyí tó ń bọ̀ tó dé. Ọjọ́ tí ẹ wọlé, ọjọ́ tí ẹ jáde àti ipò tí ẹ wà ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì níbẹ̀.

Wọ́n á wo Facebook yín. Ohun tó bá wà ní gbangba, gbogbo ayé ló ń wò ó, àwọn náà ń wò ó. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín, ẹ kọ orúkọ yín sínú Google bí àlejò, ẹ wo ohun tó jáde. Lórí Facebook, àyè kan wà nínú ètò rẹ̀ tí ẹ fi lè sọ gbogbo àtẹ̀jáde àtijọ́ di ti àwọn ọ̀rẹ́ nìkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín, tàbí kí ẹ ṣí WhatsApp yín síwájú òun, ti kọjá àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n bá yín sọ ló wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: àyẹ̀wò ara

Òfin 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀sìn, ẹ̀yà, ìṣèlú àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ tó nílò ìṣọ́ra jù. Ní ti HIV, òfin 2014 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ kò gbà kí agbanisíṣẹ́ sọ àyẹ̀wò rẹ̀ di dandan kó tó gba ènìyàn. Kí òfin yẹn tó jáde pàápàá, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Èkó ti dá òṣìṣẹ́ ìwòsàn kan láre ní 2012, ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ ní 1995 nítorí kòkòrò yìí. Mílíọ̀nù 7 náírà ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún un. Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà bá nílò àyẹ̀wò lóòótọ́, bíi ti awakọ̀ tàbí ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹ béèrè orúkọ àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ohun tó yẹ kí dókítà kọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ni pé ara yín gbé iṣẹ́ náà tàbí kò gbé e. Èsì fúnra rẹ̀, ẹ̀yin ni kí wọ́n fún. Àwọn tó ń fi àyẹ̀wò oyún kún un fún obìnrin láìsọ fún un, mi ò mọ orúkọ tí mo fẹ́ pè wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ìwé ọlọ́pàá, àti àwọn tó ń lọ sókè òkun

Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìwé ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá, orí POSSAP, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti ọlọ́pàá Nàìjíríà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fúnra yín lọ tẹ̀ka. Ẹ má gbé e fún "ọmọ wa tó wà ní Álágbọn". Àtìmọ́lé kì í sì í ṣe ìdálẹ́bi: ẹni tí wọ́n kó lójú pópó tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan lọ́rùn. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè bóyá ilé ẹjọ́ ti dá yín lẹ́bi rí, ìyẹn ni kí ẹ dáhùn, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹ ti rí ọlọ́pàá.

Ìwé yìí kan náà ni ìjọba Bìrìtìkó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti irú wọn tó ń gba físà òṣìṣẹ́, láti orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá ti gbé tó oṣù 12 láàárín ọdún 10 tó kọjá. Bí ẹ bá dé England, ẹ máa bá DBS pàdé, àjọ ìjọba tó ń wò ó bóyá ènìyàn ti dẹ́ṣẹ̀ sófin rí. Fún iṣẹ́ tó kan àwọn ọmọdé àti aláìsàn, ẹ̀yin ni wọ́n ń fi sátífíkéètì náà ránṣẹ́ sí, ẹ ó sì fi hàn agbanisíṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin FCRA ti 1970 ní kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba ìròyìn yín lọ́wọ́ àwọn olùwádìí fún yín ní ìwé ọ̀tọ̀ kan tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ buwọ́ lù ú. Bí ìròyìn náà bá sì fẹ́ mú kí wọ́n kọ̀ yín, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ rí àyè sọ pé "èmi kọ́ nìyí."

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: bí wọ́n bá gbà yín, bí wọn ò sì gbà yín

Látọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, orúkọ ilé iṣẹ́, orúkọ ẹni tó gba ìwé, ìwé tí ó gbà. Òun lẹ máa gbé yọ bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ.

Bí wọ́n bá kọ̀ yín lẹ́yìn ìwádìí, ẹ kọ í-meèlì sí wọn, kì í ṣe WhatsApp. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: èmi lágbájá, mo wá fún iṣẹ́ báyìí lọ́jọ́ báyìí, lábẹ́ òfin 2023, mo fẹ́ ẹ̀dà ohun tí ẹ rí gbà nípa mi, bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ pa èyí tí ẹ ò nílò mọ́ rẹ́, kí ẹ sì sọ fún mi ẹni tó tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló já yín sílẹ̀ láìsí ènìyàn tó wò ó, òfin náà fún yín ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ènìyàn tún un wò.

Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ NDPC, pẹ̀lú fọ́tò fọ́ọ̀mù àti í-meèlì yín. Ọwọ́ àjọ náà ń dé ibi gíga: ní 2024, ó bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 555 náírà fún báǹkì kan nítorí ìlòkulò ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, òfin gbà kí ìtanràn náà tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù. Ilé ẹjọ́ náà ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá pa lára.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú í-meèlì yẹn, ẹni tó tún wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má yọ ọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ ayẹ̀wò sílẹ̀, ọ̀gá mi àtijọ́ pè mí. Obìnrin kan tí wọn ò gbà sí iṣẹ́ akọ̀wé owó ló kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n wá ẹ̀dà ìwé òun rí níbikíbi tó bá wà. Mo tú àpò Ghana-must-go náà sílẹ̀, mo wá a títí mo fi rí i, mo wọ ọkọ̀ lọ fi jíṣẹ́. Òun nìkan ló béèrè. Nígbà tí mo padà délé, mo kó ti àwọn tó kù lọ sẹ́yìnkùlé, mo ṣáná sí i, mo jókòó tì í títí ó fi jó tán.